Ta ló ti lọ ya fọ́tò ní Laos rí?

Ọmọ Tákíé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń yà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọdún kẹsàn-án rèé. Èmi nìkan fẹ́ lọ sí Luang Prabang, ìlú kan ní Laos nílẹ̀ Éṣíà, kí n ya àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gba sàráà láàárọ̀. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Kí ni kí n gbé dání?

Bàbá Kámẹ́rà: Àbúrò, lẹ́ǹsì kan tó. Kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde, láìwọ bàtà. Àwọn èèyàn á kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n á máa bu ìrẹsì sínú igbá àwọn mọ́ǹkì náà. Má tan fìláṣì rárá! Ìjọsìn ni, kì í ṣe òde ìyàwó. Òdìkejì títì ni kó o dúró sí. Èmi sún mọ́ wọn jù lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ìyá arúgbó kan wò mí bí ẹni tó ṣí aṣọ lójú eégún.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ má lọ lóṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin o. Wọ́n ń sun oko nígbà yẹn, èéfín wọn ju ọyẹ́ wa lọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ gun òkè Phousi, ẹ ó rí oòrùn tó ń wọ̀ lórí odò Mekong.

Ọmọ Tákíé: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ó di oṣù Kọkànlá nìyẹn. Ìyàwó mi ṣì ń bínú.