Sub Word, owó tí à ń san lọ́dọọdún ká tó lè lò ó, ti tán ní ṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́, àwọn oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà: ṣé kí n tún un san ni, àbí kí n rà á tán pátápátá?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Láti ìdájí ni àbúrò mi tó ń bá mi bójú tó bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wa nítòsí South Gate yunifásítì FUTA ti ń pè. Word ń ṣí, fáìlì ń ṣí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Excel náà ò gbà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sub ti tán. Káàdì báǹkì tí mo fi ń san án ni ọjọ́ rẹ̀ pé; wọ́n fún mi ní tuntun, mi ò sì rántí lọ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Ní báyìí, àwọn ọmọ FUTA ti kún ẹnu ọ̀nà, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba prójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn, àwọn kan ò sì tíì ṣe àtúnṣe tí sùpáfáísọ̀ ní kí wọ́n ṣe. Ọkọ mi ní owó ọdọọdún yìí ti tó, kí n lọ ra èyí tí èèyàn ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ kówó lé ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ nílé. Èwo ni kí n ṣe?

Ọmọ Olóyèmẹ́kùn, Dublin
Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí fáìlì tó sọnù. Tí sub bá tán, àtúnṣe àti kíkọ tuntun ló ń dí. Kíkà ò dí, pírìǹtì ò dí. Kí àbúrò yín kọ́kọ́ pírìǹtì fún àwọn tó ti parí iṣẹ́ wọn kí wọ́n máa lọ. Àwọn tó kù, kó ṣí Word orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, ọ̀fẹ́ ni yẹn, ímeèlì nìkan ló ń béèrè. Tàbí Google Docs. Tàbí kó gbé LibreOffice tó ń ṣe iṣẹ́ bíi Word sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn náà ò gba kọ́bọ̀.

Àkọ́bí Ìyá Oníyán, Toronto
Ẹ̀gbọ́n, LibreOffice fún prójẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ kẹ̀? Ó dára o, mò ń lò ó fún lẹ́tà àti ìṣirò owó ilé. Ṣùgbọ́n mo fi ṣe ìwé kan tí mo fi wá kọ́ńtíráàtì níbí, tébù ló kún inú rẹ̀. Lójú tèmi, ó tò rẹ́gí. Nígbà tí àwọn yẹn ṣí i nínú Word, tébù ti já sí ojú ewé mìíràn, iye owó ti kúrò níwájú ọjà tí mo kọ ọ́ sí. Wọn ò tilẹ̀ pè mí padà. Tó bá di dandan, kí àbúrò yín sọ ọ́ di PDF kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. PDF kì í yẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń sọ ọ́ fún un lórí fóònù. Ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ń fà, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí ọ̀rọ̀ owó ni. Níbí ní Amẹ́ríkà, dọ́là 69.99 ni Microsoft 365 Personal, ìyẹn sub Word àti Excel fún èèyàn kan, lọ́dún tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní 2025 ló ti di 99.99. Family, tí èèyàn mẹ́fà lè jọ lò, kúrò ní 99.99, ó di 129.99. Office Home 2024, ìyẹn Word àti Excel tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 149.99 nígbà tó jáde. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, gbàrà tí ẹni tó ń san Personal bá ti san owó ọdún kejì, ẹni tó rà á ti jèrè. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan ni 149.99 yẹn wà fún o.

Ohun kejì: èyí tí a rà náà ní ọjọ́ tó ń dàgbà sí. Ó á máa ṣiṣẹ́ lọ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ní máa fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́. Ti 2016 àti 2019 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ti 2021 jẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Ti 2024 yìí, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2029. Ibi tí fíláàṣì gbogbo ọmọ FUTA ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mélòó ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n. Family ni mo ń san.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
149.99 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 599.96. Owó yẹn á san Family fún ọdún mẹ́rin, á tún ṣẹ́kù. Nígbà tí ọdún mẹ́rin bá fi pé, 2024 tí ẹ rà ti dàgbà tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi yára bá ọkọ yín fọwọ́ sí i. Àti pé inú ilé ni wọ́n ṣe Family fún, kì í ṣe ibi tí a ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Home & Business 2024 ni wọ́n fún ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ajé, 249.99 sì ni ẹyọ kan nígbà tó jáde. Mẹ́rin rẹ̀ ti di 999.96. Ó le.

Ọ̀gá Tíṣà, Calgary
Kí wọ́n tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi, torí ó dùn mí wọra. Màmá mi ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Oǹdó, lápá Yaba. Mo ra Office fún wọn, mo san án tán, mo fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣe é, ó ṣiṣẹ́, gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà yẹn kọṣẹ́ tí a fẹ́ gbé Office sórí òmíràn, wọ́n ní kóòdù ti di lílò. Ímeèlì ta ni wọ́n fi lò ó? Ti ọmọkùnrin yẹn! Abẹ́ orúkọ rẹ̀ ni láìsẹ́ǹsì iléèwé wà láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti kúrò ní Oǹdó, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ọwọ́ ni Màmá fi kọ káàdì èsì ìdánwò gbogbo ọmọ iléèwé ní táàmù yẹn, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Olè ni ọmọ yẹn. Kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Àkọ́bí Ìyá Oníyán, Toronto
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Kóòdù lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ náà béèrè ímeèlì kó tó gba kóòdù wọlé, ta ló fún un ní ti iléèwé? Ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i, iṣẹ́ sì yá.

Ọ̀gá Tíṣà, Calgary
Ó yẹ kó béèrè. Wọ́n sanwó iṣẹ́ fún un. Bí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún kápẹ́ńtà pé kó bá mi fi ilẹ̀kùn sí i, ṣé orúkọ tirẹ̀ ló máa kọ sára ilé ni?

Ọmọ Olóyèmẹ́kùn, Dublin
Ẹ jọ̀ọ́, ìbínú náà ti pọ̀ jù. Ká tiẹ̀ ní ímeèlì Màmá ló wà níbẹ̀, ṣebí tí kọ̀ǹpútà bá ti kú, láìsẹ́ǹsì ti bá a kú?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Rárá o, àbúrò. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́ ló ń bá a kú. Èyí tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà lọ́tọ̀, ó lè gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mìíràn, wọ́n kàn ní kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín 90 ọjọ́. Nígbà tí Office 2013 kọ́kọ́ jáde, wọ́n ní kò ṣeé gbé kúrò rárá. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n sì yí i padà nínú oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an. Nítorí náà, ká ní ímeèlì Màmá ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan péré ni ìyà yẹn ì bá fi jẹ wọ́n. Ìyẹn ni mo fi ní olè ni, mi ò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ẹnjiníà Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ yìí ni mò ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà á gbé láptọ́ọ̀pù wá, mo á béèrè ímeèlì, á ní òun ò ní, á ní kí n ṣe é bí mo bá ṣe mọ̀. Ẹlòmíràn ní ímeèlì, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ti gbàgbé. Ẹni tó ń sáré ni, ọkọ̀ ń dúró dè é. Ẹnjiníà mìíràn á fi tirẹ̀ sí i, kì í ṣe pé ó fẹ́ jalè. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, ká jọ ṣí ímeèlì tuntun ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí iléèwé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ níbí ni nọ́ńbà fóònù. Ẹ lè fi ímeèlì ara yín sí i, tó bá jẹ́ nọ́ńbà ẹnjiníà lẹ fi tì í lẹ́yìn, ọjọ́ tí pásíwọ́ọ̀dù bá sọnù, fóònù ẹnjiníà ni kóòdù á wọ̀. Nọ́ńbà tí kò ní kúrò lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ìyá Ìbejì, tiyín ti Manchester dára ju ti àbúrò yín lọ.

Ní ti sub, ó fẹ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó lè mọ̀ pé ẹ ṣì ń san án. Nǹkan kékeré nìyẹn. OneDrive, ibi tí Microsoft ń bá èèyàn kó fáìlì pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń jẹ dátà. Tí wọn ò bá pa á, gbogbo fáìlì oníbàárà ni á máa gbé lọ sókè láàárọ̀ lálẹ́. Kí àbúrò yín pa á, kó ra hard disk òde tí á máa kó fáìlì sí. Crack, ìyẹn Office tí wọ́n já kí èèyàn lè lò ó láìsanwó, ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lò ó. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí crack gbé fáírọ́ọ̀sì wọ̀, tí ó ti fáìlì àwọn ọmọ final year pa. Àwọn ọmọ yẹn sunkún lójú mi.

Ọmọ Olóyèmẹ́kùn, Dublin
Ẹnjiníà, Ọlọ́run á bù kún un yín. Ẹ fi kún un pé tí sub bá tán, àyè 1 TB tí sub fún yín lórí OneDrive á padà sí 5 GB. Ẹni tí ohun tó kó síbẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì fi sílẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, wọ́n lè pa á rẹ́. Kí Ìyá Ìbejì yára kó ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Ẹnjiníà yìí gbọ́n bí ọmọ Oǹdó tiwa.

Ọmọ Olóyèmẹ́kùn, Dublin
Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa!

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Ọ̀dọ̀ wa ni ìwé ti kọ́kọ́ wọlé. Ondo Boys’ High School, 1919. Oyemekun Grammar School tiyín, 1953. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Ọmọ Olóyèmẹ́kùn, Dublin
1976 ńkọ́? Wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ yín pè é, àwa ni wọ́n fi ṣe olú ìlú. Ẹ mú orúkọ, àwa mú Alágbàkà tí ìjọba wà.

Ọ̀gá Tíṣà, Calgary
Ẹ bọ̀wọ̀ fún wa o. Obìnrin la fi jẹ Òṣemàwé, ọba Oǹdó, àkọ́kọ́, Pupupu. Ìyẹn ti pẹ́ ju ọ̀rọ̀ iléèwé lọ.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi ní àwọn mẹ́ta ti kúrò, Word orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fún wọn. Mo ti fi káàdì tuntun san ti oṣù kan láti fi rí ọ̀la. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀: kọ̀ǹpútà mẹ́rin, kí ni kí n sọ fún ọkọ mi?

Àkọ́bí Ìyá Oníyán, Toronto
Ẹ ra Home & Business méjì, kẹ́ ẹ fi LibreOffice sórí méjì tó kù fún ìwé kékeré.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Oníbàárà ò ní mọ èwo ni èwo, gbogbo wọn á máa du méjì yẹn. Ẹ wo èyí tí ilé iṣẹ́ kéékèèké ń san lóṣooṣù.

Ọ̀gá Tíṣà, Calgary
Mo bá Toronto lọ. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ní orúkọ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà yín.

Àkọ́bí Ìyá Oníyán, Toronto
Ẹ wò ó, Oǹdó àti Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń pè yìí ti dá ebi sí mi lára. Iyán inú páálí ni mo rò lálẹ́ àná, mi ò jẹ ẹ́ tán. Ní Ìsìnkàn l'Àkúrẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Màmá mi ti ń gún ti àkọ́kọ́, àwọn awakọ̀ á ti jókòó. Kò sí ìlú tó ń jẹ iyán tó wa.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Ibẹ̀ yẹn ni mi ò ní bá yín jà. Èmi, ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ ló ń ṣe mí, lápá Owena níbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sá kòkó sí etí títì tí òórùn rẹ̀ ń wọ inú mọ́tò. Ọdún mélòó kan nìyí tí mi ò gbóòórùn rẹ̀. Mò ń lọ sílé ní Kérésì yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi gbé láptọ́ọ̀pù kan dé Àkúrẹ́, tí mo bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ní Houston?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Láptọ́ọ̀pù ò wúwo, mo á gbé e. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó dé kí oṣù kọkànlá tó parí.

Àkọ́bí Ìyá Oníyán, Toronto
Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra èlùbọ́ bọ̀, kílò méjì péré.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Houston
Ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti wà níwájú yín, gààrí sì ni gbogbo wọn fẹ́.