Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ẹ̀wọ̀n sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti béèrè pé kí ni ká máa pe, lédè Yorùbá, ìdájọ́ tí kì í ránni lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, èyí tí adájọ́ á ní kí ẹni tó jẹ̀bi máa gbálẹ̀ ọjà, kó máa kó gọ́tà, tàbí kó máa ro oko ilé ìwé fún ìwọ̀nba oṣù, kó sì máa ti ilé rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àbá mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú èyí tó wà nílẹ̀: “ẹ̀wọ̀n ìta”, “iṣẹ́ ìsìnlú” àti “iṣẹ́ ìtanràn”. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fara mọ́. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe lórí rédíò, bí ìròyìn kóòtù bá sì já wọlé nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, kò sáyè à ń yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò. Ọ̀rọ̀ tí ìyá aláta yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ariwo ọjà, tí yóò sì yé e, ni mò ń wá.

Ẹni tó dá “ẹ̀wọ̀n ìta” lábàá ní kó má baà dà bíi pé wọ́n ń fi arúfin ṣeré ni. Ó ní bí àwọn ènìyàn wa ò bá gbọ́ “ẹ̀wọ̀n” nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ní wọ́n ti tú olè sílẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ti ń bọ̀. Irin ni, a ṣì fi ń so ajá títí dòní. Orúkọ irin yẹn ló di orúkọ ọgbà, ó di orúkọ ìyà, ó wá di orúkọ ènìyàn: ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ tán ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó ti bímọ, tó ti kọ́lé, bí ìjà bá dé láàárín òun àti aládùúgbò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sọ lójú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n kì í tán lára ènìyàn lédè wa.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti gbìyànjú láti já irin náà. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ọdún 2019 pa orúkọ àjọ tó ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ́, ó ní àtúnṣe ni iṣẹ́ wọn láti ìsinsìnyí lọ, ó sì pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì: ti àwọn tó wà ní àhámọ́, àti ti àwọn tí ìyà wọn wà níta àhámọ́. Àwọn ènìyàn ò dáhùn. Kirikiri ṣì ni Kirikiri, Agodi ṣì ni Agodi, wọ́dà ṣì ni wọ́dà. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ògiri náà kò yẹ̀ nílẹ̀. (“Ọgbà àtúnṣe” tí àwọn akẹ́gbẹ́ mi kan ń kà nínú ìròyìn, mo ti gbọ́ tí ẹnìkan bi mí bóyá wọ́n ń kun ọgbà náà lọ́dà ni.) Ìyà ti ìta yìí ló ṣì wà láìlórúkọ lẹ́nu ará ọjà. Ó sàn ká sọ ọ́ lórúkọ rere kí aláṣejù tó bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Òfin fúnra rẹ̀ kò sì ka á sí ẹ̀wọ̀n. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn dídá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé ẹni tí wọ́n bá dá irú ẹjọ́ yìí fún, wọn ò gbọdọ̀ tún sọ ọ́ sẹ́wọ̀n pọ̀ mọ́ ọn lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Àfi tó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ ni ẹ̀wọ̀n tó lè tẹ̀lé e. Wákàtí márùn-ún lóòjọ́ ló pọ̀ jù, oṣù mẹ́fà ló gùn jù. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ tú olè sígboro, kó fọkàn balẹ̀: ẹni tó lo ìbọn tàbí ohun ìjà mìíràn kò sí lára àwọn tí wọ́n lè dá a fún, ẹni tó fipá báni lò kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ òfin ju ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó jí àgbàdo sísun, tó sọ̀kò sí mọ́tò, tó ja ìjà ìgboro là ń sọ. Irú wọn ló ń bá àwọn adigunjalè sùn lórí ẹní kan náà, tí wọ́n á sì kọ́ iṣẹ́ olè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó jáde.

Kí n má fi àkókò ṣòfò lórí “iṣẹ́ ìsìnlú”. Ọmọ tó gboyè jáde, tó wọ aṣọ àgùnbánirọ̀, tí wọ́n gbé lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ìlú ló ń sìn. Bí a bá fi orúkọ yẹn sọ ìyà arúfin, ìyá àgùnbánirọ̀ yóò bá wa ṣẹjọ́. Ẹni tó dá “ọ̀wẹ̀” lábàá náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀wẹ̀ la fi ń bẹ ènìyàn, a sì ń fún ọlọ́wẹ̀ lóúnjẹ. Adájọ́ kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

“Iṣẹ́ ìlú” lásán sì rèé, mo ti dán an wò, mo sì ti rí èsì rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, kóòtù Májísíréètì tó wà ní Ògbà l'Ékòó dá ẹjọ́ òṣèré Funke Akindele àti ọkọ rẹ̀ nígbà náà, nítorí àpèjẹ ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe nígbà tí ìjọba ní kí ènìyàn má pé jọ. Owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ fún ọjọ́ 14, wákàtí mẹ́ta lóòjọ́. Mo kà á pé adájọ́ ní kí wọ́n lọ ṣe “iṣẹ́ ìlú”. Kò pẹ́ tí bàbá kan fi pè wá láti Ìkòròdú, inú ń bí i: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n tún wá fún wọn níṣẹ́ ìjọba ni? Ọmọ mi ti ń wáṣẹ́ láti ọjọ́ yìí!” Gbogbo wa nínú ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà ò jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́ la máa ń kí kú oríire.

Ẹ wá wo “iṣẹ́ ìtanràn”. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ Yorùbá tí kò mọ owó ìtanràn. Ìyá aláta mọ̀ ọ́n, awakọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, Ọlọ́run ló mọ iye tó ti san. Bí mo bá ní “adájọ́ bu iṣẹ́ ìtanràn oṣù mẹ́ta lé e lórí”, kò sí àlàyé kankan tí mo tún fẹ́ ṣe: ó ṣẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi, ohun tí yóò fi san án ni iṣẹ́, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ó tún ń ṣiṣẹ́ kan tí “ẹ̀wọ̀n ìta” kò lè ṣe. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ kéékèèké nílùú wa: “ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà”. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ sílé, ẹni tí kò ní wọ ọkọ̀ dúdú lọ. Bí a bá ní iṣẹ́ ìtanràn, àárín méjèèjì ló bọ́ sí, etí olùgbọ́ á sì gbọ́ pé ọ̀nà kẹta wà.

Àbúrò wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò tako èyí. Ó ní ó ń rùn bí ìwọ̀fà, pé òtòṣì ló fẹ́ fi ara san ohun tí olówó ń fi owó san. Àtakò gidi ni, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé gígùn yìí. Ẹ jẹ́ ká rántí bí ìwọ̀fà ti rí. Ẹni tó yá owó ló ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Yóò ro oko, yóò ro oko, owó tí wọ́n yá ò ní dín ní kọ́bọ̀. Èlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé odidi owó náà kalẹ̀ ló tó lè lọ, àwọn mìíràn sì darúgbó sídìí rẹ̀. Iṣẹ́ ìtanràn ni òdìkejì èyí: iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìsanwó, gbogbo wákàtí tó bá ṣe ló ń dín in kù. Nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò wa ti mú lọ́wọ́ ni ti pé kí wọ́n máa dá a fún olówó náà, kì í ṣe fún tálákà nìkan. Ìyẹn sì di ọwọ́ àwọn adájọ́.

Ẹlòmíràn béèrè pé ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ ńkọ́, ṣebí ìlú ni wọ́n ń gbálẹ̀ fún. A ti ní ọ̀rọ̀ fún tirẹ̀ tipẹ́: owó gbà-má-bínú. Ká má da méjèèjì pọ̀. Ìtanràn ni ti ìlú, gbà-má-bínú ni ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú òfin 2015 tó dùn mọ́ mi. Ẹni tí wọ́n bá dá ẹjọ́ yìí fún gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan wá, ìbátan rẹ̀ tàbí ẹni tó lójú nílẹ̀, tí yóò gbà pé òun á fà á kalẹ̀ bó bá sá. Onídùúró ni, ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò ní tésàn ọlọ́pàá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún dá “olùfọwọ́sọ̀yà” lábàá níbí mọ́.

Òfin náà tún ní kí iṣẹ́ ọ̀hún súnmọ́ ibi tí ẹni náà ń gbé bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí àwọn ará àdúgbò lè máa rí ìrìn rẹ̀. Níbí ni ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀ṣun ti ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé láyé àtijọ́ náà a máa ń gbé ewúrẹ́ tí olè jí kọ́ ọ lọ́rùn, a ó sì fi ìlù àti orin sìn ín yí ìlú ká. Ó ní ká kúkú pè é ní “ìjìyà ojútáyé”. Mi ò fẹ́. Mo ti rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí rí, létí gọ́tà kan l'Ágége: ọkùnrin mẹ́ta, àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dúdú lẹ́sẹ̀. Méjì ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹnì kẹta fa fìlà bo ojú títí dé imú, bí ọ̀kadà bá ti dẹ ẹsẹ̀ nítòsí báyìí, á yí ẹ̀yìn sí títì. Ó dá mi lójú pé àdúgbò rẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú yẹn wà, òfin kò lè mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ìlù sìn yíká láyé àtijọ́, ìlú mìíràn ló sábà máa ń gbà lọ. Ẹni tó ń kó gọ́tà yìí, ilé rẹ̀ ló ń padà sí lálẹ́, ó sì ní láti jí síbẹ̀ lọ́la. Bí a bá wá fi “ojútáyé” sínú orúkọ rẹ̀, ìlù yẹn náà la tún gbé dé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù kò le tó yìí. Ti ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, “ìtúsílẹ̀ alábòójútó” tó fún mi. Òfin 2015 yẹn ní ẹni tó ń ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sókè tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, tó ti lo ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta, tó sì hùwà dáadáa, kóòtù lè dá ìyókù dúró. “Pròbéṣọ̀n”, ìyẹn kí kóòtù fi ẹni sílẹ̀ sábẹ́ àbójútó fún ìgbà kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó ti gbaṣẹ́ lọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n. Ti ìjókòó tí ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fi ń kojú ara wọn, “ìparí ìjà” dára, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lo “ìparí ìjà” fún ọ̀rọ̀ ìfipábánilò o. Ìyẹn kì í ṣe ìjà, a sì mọ iye ọmọbìnrin tí àwọn àgbà agboolé ti fi gbólóhùn yẹn pa lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ tó jẹ mí lógún jù: ẹ má dá orúkọ kankan fún ènìyàn náà. Mo rí i tí ẹnìkan ti kọ “atanràn”, ẹlòmíràn kọ “òṣìṣẹ́ ìtanràn”. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. A ti rí ohun tí “ẹlẹ́wọ̀n” ń ṣe, kódà fún àwọn tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn, tí wọ́n sì pọ̀ ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà. Àwọn oníròyìn ń pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n lójoojúmọ́. “Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtanràn” gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe é tán, gbólóhùn náà á yí padà fúnra rẹ̀: ó ti ṣe ìtanràn rẹ̀ tán.

Ó sì yẹ ká yára. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin tiwọn lórí ọgbà àtúnṣe. Ilé Aṣòfin Èkó ti fi Yorùbá jókòó rí, wọ́n sì lè tún ṣe é lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí wọ́n bá bá nílẹ̀ ni wọ́n á lò. Ní tèmi, láti ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ Ajé lọ, “iṣẹ́ ìtanràn” ni n ó máa kà. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn.