Ṣé oṣù Kẹrin ṣeé gun òkè Kilimanjaro?

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbèrò àtigun òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà Àjíǹde, nínú oṣù Kẹrin, ni ìsinmi àwa méjèèjì bọ́ sí, owó tí àwọn tó ń múni gòkè ń gbà nígbà náà sì rọjú. Ọ̀nà Machame ni wọ́n fẹ́ mú wa gbà, ọjọ́ mẹ́fà. A ti gun òkè Snowdon ní Wales nínú òjò rí, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi wá ní ìgbà òjò gan-an ni wọ́n fẹ́ kó wa lọ. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni gbogbo ayé ṣe ń gun Everest nínú oṣù Karùn-ún?

Bàbá Ìbejì:
Àǹtí Àdùkẹ́, òótọ́ ni. Ẹ dákun, ẹ má lọ nínú oṣù Kẹrin, pàápàá ẹ má gba Machame.

Ẹ̀gbẹ́ ìlà agbedeméjì ayé ni Kilimanjaro wà. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló mọ̀, bíi ti ilé. Òjò ńlá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní masika, ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, ó di oṣù Karùn-ún kó tó dáwọ́ dúró. Òjò kékeré, vuli, ń wá ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Atẹ́gùn Òkun Íńdíà ló ń gbé omi yẹn wá, apá gúúsù òkè náà ló sì ń já a lé jù. Apá gúúsù yẹn ni Machame wà.

Snowdon kò ju 1,085 mítà lọ. Tí òjò bá pa yín níbẹ̀, ilé lẹ ó sùn lálẹ́. Lórí Kilimanjaro, inú àgọ́ lẹ ó sùn, aṣọ tó bá rin gbindin nínú igbó lọ́jọ́ kìíní, bóyá ni yóò gbẹ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ nínú igbó yẹn, yìnyín ló ń dà tó bá dé òkè. Alẹ́ tí a ń lọ sórí òkè pátápátá, ní 5,895 mítà, òtútù lè wálẹ̀ dé -15 °C láìka ẹ̀fúùfù mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú kò sì ju bí ìdajì ti etí òkun lọ. Ara tó ti tutù, tó ń gbọ̀n, ń lo afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ ò tó nìyẹn!

Ẹ tún wo èyí. Nǹkan bí ààjìn la máa ń gbéra láti àgọ́ Barafu, ibi tí a ti ń sùn kẹ́yìn kí a tó lọ sórí òkè pátápátá, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ti dì mọ́lẹ̀ lóru, ẹsẹ̀ á rí nǹkan tẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, á tú, kùrukùru á sì máa gun òkè bọ̀ láti inú igbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó bò yín. Nígbà masika, ó lè má kúrò lójú yín láàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn alábàárù. Òfin ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀ ni pé kí ẹnì kan má ru ju 20 kìlógíráàmù lọ, ṣùgbọ́n àgọ́ tó ti mu omi yó wúwo ju èyí tí wọ́n wọ̀n ní ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní bàtà tó nípọn ni yóò gbé e nínú ẹrẹ̀, kí ẹ̀yin lè rí ibi sùn. Kò yẹ kí ẹ̀dínwó tiwa di ìyà ẹlòmíì. Ìgbàkúgbà tí ẹ bá lọ, ẹ bi wọ́n léèrè aṣọ òtútù àti ibi tí àwọn alábàárù ń sùn, kí ẹ tó sanwó.

Délé Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo fara mọ́ Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n tí oṣù Kẹrin ò bá ṣeé yẹ̀, ẹ gba ọ̀nà Rongai, ní ìhà àríwá òkè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Kẹ́ńyà. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti gúúsù. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀nà Marangu lẹ ó gbà sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ ń dúró dè yín níbẹ̀. Marangu nìkan ló ní ilé pákó tí èèyàn lè sùn sí.

Ní ti Everest, òkè náà ga dé 8,849 mítà, ẹ̀fúùfù líle tí wọ́n ń pè ní jet stream ló ń gbá orí rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Nínú oṣù Karùn-ún ló máa ń sún sí àríwá, kí òjò tó ń ti Íńdíà bọ̀ tó dé nínú oṣù Kẹfà. Àlàfo kékeré yẹn ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Síbẹ̀, ìjì tó jà ní 10 oṣù Karùn-ún, 1996, pa èèyàn mẹ́jọ.

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. N kò ro ti àwọn alábàárù rárá. Àbúrò mi ní òun lè gba ìsinmi nínú oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹsàn-án. Èwo ló sàn?

Bàbá Ìbejì:
Méjèèjì dára. Oṣù Kejì lè mú yìnyín díẹ̀ wá lókè, àmọ́ èrò kì í pọ̀ tó ti oṣù Kẹjọ. Èmi á mú oṣù Kẹsàn-án, nítorí ilẹ̀ ti gbẹ dáadáa nígbà náà. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́fà kò tó. Ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ ni kí wọ́n ṣe é, kí ara lè mọ́ gíga yẹn lára. Ẹ jẹ́ kí alẹ́ tí ẹ máa lọ sókè pátápátá bọ́ sí àsìkò òṣùpá, kí ẹ sì ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn láti Manchester lọ́hùn-ún.