"Fi joyè", "gbìn" tàbí "tẹ̀dó": kí la ó pe fífi Linux sórí láptọ́ọ̀pù kékeré?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ fífi Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, sórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ní ká pè é ní "fífi joyè", ẹnì kejì ní "gbígbìn". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, torí pé níbi tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá ti ṣe kedere, fáìlì ọlọ́fáìlì ló máa ń bá a lọ.

Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ti yọ "fi joyè". Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "install", fún fífi ọba jẹ àti fún gbígbé ẹ̀rọ síbi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Àwa ò ní irú ẹ̀. Bí a bá ní wọ́n fi Linux joyè, oyè wo ni wọ́n fi í jẹ? "Gbìn" sàn díẹ̀, àmọ́ ohun tí a gbìn máa ń hù, a sì máa ń kórè ẹ̀. Ohun tó wà lórí dísìkì kì í hù.

Lẹ́nu àwọn oníbàárà ní Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, "bá mi fi sí i" ni. Yorùbá gidi nìyẹn, kò sì sóhun tó ṣe é nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Àléébù ẹ̀ ni pé ó bo iṣẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀: lílo Linux láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan dísìkì, fífi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, àti fífi í rọ́pò gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní "fi Linux sí i" lè ní ti àkọ́kọ́ lọ́kàn, kí oníṣẹ́ sì ṣe ẹ̀kẹta fún un.

Èyí tí mo gbé wá ni "wọ̀ sí" àti "tẹ̀dó". Àlejò ló ń wọ̀ sílé onílé. Bó bá lọ, ilé wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì: inú RAM, ìrántí ìgbà díẹ̀ ẹ̀rọ, ló ń gbé, bí a bá pa ẹ̀rọ, kò ní fi àmì kankan sílẹ̀ lórí dísìkì, àyàfi bí a bá fọwọ́ ara wa kọ nǹkan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn ò wọ̀ síbẹ̀, wọ́n tẹ̀dó ni. Ẹ kíyè sí gírámà ẹ̀ o: ìlú là ń tẹ̀ dó, kì í ṣe ẹni tó ń gbé inú ìlú. "Tẹ Linux dó" á túmọ̀ sí pé àwa la dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1991. "Mú Linux tẹ̀dó sórí dísìkì" ló tọ̀nà. Ká wá ní "tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows" fún iṣẹ́ kejì, àti "lé Windows kúrò, kí ó tẹ̀dó sípò ẹ̀" fún ẹ̀kẹta. Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ "lé kúrò" á ti kó fáìlì ẹ̀ pamọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Orí láptọ́ọ̀pù kékeré ni èyí ti ṣe pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ní RAM 2GB tàbí 4GB, pẹ̀lú ibi ìpamọ́ eMMC 32GB tàbí 64GB tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí kò ṣeé yọ pààrọ̀. Lórí 32GB, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú kí méjèèjì jọ máa gbé. Windows 10 nìkan á gbà tó 20GB, Windows 11 sì ń béèrè 64GB. Bí RAM bá jẹ́ 4GB, irú Linux bíi Linux Mint Xfce tàbí Xubuntu á rìn dáadáa. Bó bá jẹ́ 2GB, Lubuntu tàbí antiX ni, kí ẹ má sì ṣí ju ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó jẹ́ 32-bit, Ubuntu tuntun ò gbà á mọ́, Debian 13 náà ò sì ní ohun tí a ó fi tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ wá Debian 12 tàbí antiX 23.

Àwọn kan tún ń pe fáìlì ISO, èyí tí a fi ń mú Linux tẹ̀dó, ní "àwòrán" ("image" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Rárá o. "Ẹ̀dà" ni, odidi ẹ̀dà dísìkì kan. Ẹni tó bá rò pé àwòrán ni, á gbé e sórí fláàṣì bíi fáìlì orin, ẹ̀rọ ò sì ní gbéra. Kíkọ là ń kọ ẹ̀dà sórí fláàṣì 8GB, pẹ̀lú ètò Etcher tàbí Rufus, tàbí pẹ̀lú àṣẹ yìí:

sudo dd if=mint.iso of=/dev/sdX bs=4M conv=fsync status=progress

Ẹ fi lẹ́tà fláàṣì yín rọ́pò X. Àṣẹ lsblk ló máa fi hàn yín. Ohun tó wà lórí fláàṣì náà tẹ́lẹ̀ á lọ. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi àṣẹ sha256sum yẹ ẹ̀dà náà wò, torí dátà tó já lójú ọ̀nà máa ń ba ẹ̀dà jẹ́ láìjẹ́ kí a mọ̀.

"Gbéra" tí mo lò fún "boot" yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni. "Tan" ò ju ọ̀rọ̀ iná lọ, "jí" sì yẹ kó dúró fún ẹ̀rọ tó sùn tí a tún ṣí padà. A ń gbéra láti ibì kan: "kọ̀ǹpútà gbéra láti orí fláàṣì". Bọ́tìnì F12 ni Lenovo àti Dell fi ń béèrè ibi tí yóò ti gbéra, F9 ni HP, Esc ni Asus. Acer náà ń lo F12, àmọ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ tẹ F2, kí ẹ gbà á láyè níbẹ̀.

GRUB ńkọ́? Mo ní "oníbodè", torí bí ẹ̀rọ bá ń gbéra, òun ló ń bi wá léèrè ẹni tí a fẹ́ kó wọlé, Linux tàbí Windows. Lórí eMMC, mmcblk0 ni dísìkì inú ẹ̀rọ, sda sì ni fláàṣì. Ẹni tí sda ti mọ́ lára á gbé oníbodè sórí fláàṣì láìmọ̀. Iṣẹ́ á parí, gbogbo nǹkan á rí bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tó bá yọ fláàṣì tí ẹ̀rọ ò bá lè gbéra mọ́. Ìpín EFI 512MB (ìpín kékeré tí ẹ̀rọ ti ń gbéra) lórí mmcblk0 ni kí oníbodè jókòó sí, kí gbogbo ìyókù tó jẹ́ ti Linux jẹ́ ext4, irú ìtò fáìlì tí Linux ń lò.

Fún àwa tí à ń fi àmì ohùn kọ̀wé, bí ó bá ti tẹ̀dó tán, ẹ tẹ àṣẹ yìí: setxkbmap ng -variant yoruba. Ẹ, ọ àti ṣ á wà lórí kíbọ́ọ̀dù láìfi ohun mìíràn kún un.

Ọ̀kan ló kù tó ń dà mí láàmú: swap, ibi orí dísìkì tí ohun tí kò gba RAM mọ́ ń lọ. "Àká" ni mo ń lò báyìí, torí ohun tó bá ti wọ àká, ó pẹ́ kó tó dé ọwọ́, eMMC sì lọ́ra lóòótọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó mú un wá.