Bọ́ọ̀sì ńlá àti ilé olódi mẹ́rin ní àríwá Wales

Awakọ̀, amọ̀nà àti olùṣètò ń gba ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì lọ wo ilé olódi mẹ́rin nímọ̀ràn.

Awakọ̀:

Ẹ má ṣe to ilé olódi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Conwy, Beaumaris, Caernarfon àti Harlech, sínú ọjọ́ kan. Wọ́n súnmọ́ra lórí máàpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ló ń jẹ àkókò, kì í ṣe ọ̀nà. Bí èrò 49 bá ń sọ̀, ó máa tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọ́n bá ń padà wọlé, ó ti di mẹ́wàá, torí ẹnì kan á ṣì wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹlòmíì á ṣì máa ya fọ́tò. Bí ẹ bá dúró lẹ́ẹ̀mẹrin, wákàtí kan gbáko ti lọ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ nìkan.

Òfin ìsinmi awakọ̀ ló tún kàn. Bí a bá ti wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú 45 di dandan. A lè pín in sí méjì, àmọ́ 15 ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí 30 tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ́kọ́ sinmi 30, tó wá fi 15 kún un, kò tíì sinmi lójú òfin, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ba ọjọ́ ara wọn jẹ́: èrò á wà nínú ilé olódi, wọ́n á ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ wá torí ẹnì kan gbàgbé aṣọ òjò. Tí táyà bá ti yí, ìsinmi yẹn ti já. Kí oníkálukú mú aṣọ òjò, oògùn àti omi rẹ̀ dání kó tó sọ̀.

Ẹ tún rántí pé láti 17 oṣù kẹsàn-án 2023, máìlì 20 ní wákàtí kan ni òfin fi dé eré ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ òpópónà àárín ìlú àti abúlé ní Wales. Bí máàpù inú fóònù bá pe ìrìn kan ní wákàtí kan, ẹ kà á sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, pàápàá lórí ọ̀nà A470 tó gba àfonífojì odò Conwy kọjá ní Llanrwst.

Amọ̀nà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ló yẹ kó pinnu ibi tí a ó kọ́kọ́ lọ. Conwy láàárọ̀, Caernarfon lọ́sàn-án. Ẹ má gba inú ihò ọ̀nà A55 tó kọjá lábẹ́ odò Conwy, tí wọ́n ṣí ní 1991, torí ẹ ó kọjá láìfojú kan ilé olódi náà. Ẹ yà kúrò ní Llandudno Junction, kí ẹ gba A547 sọdá odò. Oòrùn àárọ̀ á wà lẹ́yìn yín, ilé-ìṣọ́ ńláńlá mẹ́jọ á sì dìde síwájú, pẹ̀lú afárá onírin tí Thomas Telford kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1826, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú gbogbo ìrìn yìí, kò sí ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀sì rọra lọ tó ibẹ̀.

Ọdún mẹ́rin péré, 1283 sí 1287, ni wọ́n fi kọ́ Conwy fún Ọba Edward Kìíní ti England, James of St George sì ni ọ̀gá àwọn kọ́lékọ́lé. Ìgbà tí èrò bá wọlé ni wàhálà máa ń dé. Àtẹ̀gùn inú àwọn ilé-ìṣọ́ yìí lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ju ẹnì kan lọ. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá jọ wọ ilé-ìṣọ́ kan, àwọn tó ń gòkè á pàdé àwọn tó ń sọ̀, kò sì sí àyè láti yà. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta, bí 16 sí 16. Ìpín kìíní á lọ sí àgbàlá inú, ìkejì á gun orí odi, ìkẹta á jáde lọ rìn lórí odi ìlú, tó gùn tó kìlómítà kan àti díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, kí wọ́n pààrọ̀ ibi. Bí òjò bá ti rọ̀, òkúta àtẹ̀gùn á máa yọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ.

Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, Caernarfon ló dára jù: láti 2023 ni ẹ̀rọ agbéniròkè ti ń gbé èèyàn lọ sókè Ẹnubodè Ọba.

Olùṣètò:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ Beaumaris ṣì lè bọ́ sáàárín Conwy àti Caernarfon bí ẹ bá ti kúrò ní Conwy kí aago méjìlá tó lù. Ọ̀nà A55 gba orí afárá Britannia wọ erékùṣù Anglesey, níbi tí Beaumaris wà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni Beaumaris wà, àwọn àgbà lè rìn ín. 1295 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó tán, wọn ò sì parí rẹ̀. Wákàtí kan tó o.

Harlech ni kí ẹ fún ní ọjọ́ tirẹ̀. Orí àpáta tó ga tó 60 mítà ló wà. Òkun ti sún sẹ́yìn báyìí, àmọ́ nígbà ọ̀tẹ̀ àwọn ará Wales ní 1294 sí 1295, ojú omi ni oúnjẹ gbà wọlé fún àwọn tí wọ́n dó tì. Ẹ kíyè sí fóònù dáadáa níbẹ̀: ó lè darí bọ́ọ̀sì sí Ffordd Pen Llech, ọ̀kan lára òpópónà tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ jù láyé. Ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kí awakọ̀ béèrè ṣáájú ibi tí bọ́ọ̀sì mítà 12 ti lè yí padà. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2015 jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè wọlé, nítorí náà ẹ má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní ti èébì lójú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ Eryri, agbègbè olókè tó wà níbẹ̀: ìjókòó iwájú ni kí ẹ fi àwọn tó máa ń bì sí, kí wọ́n wo ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n má tẹ fóònù. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e mì kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí inú bá ti ń rìn ín, ó ti pẹ́ jù.