Ọmọ oṣù 9, ògì nìkan ṣoṣo, màmá ọkọ mi sì ní ẹyin máa sọ ọ́ dolè

IyaAyo_Oje
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 9 lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa, nọ́ọ̀sì wá fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta kan wọn apá ẹ̀, ó bọ́ sójú yẹ́lò, sẹ̀ǹtímítà 12.1. Ó ní tí mi ò bá tún oúnjẹ ẹ̀ ṣe ó lè bọ́ sí rẹ́ẹ̀dì. Ojú tì mí níbẹ̀ gan-an, torí ọmọ yìí kì í febi sùn, ògì kì í wọ́n nílé wa.

Ìsọ̀ ni mo máa ń wà láti aago 8, màmá ọkọ mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, èmi náà á tún fún un lógì lálẹ́ torí á ti rẹ̀ mí. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún un lẹ́yin, mo délé mo sọ ọ́, màmá ní láyé àwọn, ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹyin àti ẹran, olè ló máa jà. Ọkọ mi ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ obìnrin. Oúnjẹ inú agolo yẹn sì ti kọjá agbára wa. Kí ni kí n ṣe?

Noosi_Feyinti
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. 12.5 sókè ni gírínì, láti 11.5 dé ibẹ̀ ni yẹ́lò, èyí tí ò bá tó 11.5 ni rẹ́ẹ̀dì. Tìẹ ṣì ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n padà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún ẹ, má ní o ti gbọ́ tibí. Tó o bá sì rí i tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú, tó o fìka tẹ̀ ẹ́ tó jin síbẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà o, má dúró de ọ̀la.

Kì í febi sùn lóòótọ́, inú ẹ̀ kún ni. Wo bí a ṣe ń ṣe ògì, a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a wá kó èèrí fún ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ohun tó dáa lára àgbàdo ti bá èèrí lọ. Mo máa ń sọ fáwọn ìyá nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ pé ewúrẹ́ yín ń jẹun gidi ju ọmọ yín lọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èyí tó kù, ẹ tún wá po omi mọ́ ọn títí tó fi ń ṣàn. Jẹ́ kó ki, kó dúró lórí ṣíbí. Lọ edé gbígbẹ sí i tàbí ẹ̀pà, fi epo pupa ṣíbí kékeré kan, kó máa jẹun ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́, kó sì máa mu ọmú ẹ̀ lọ títí tó fi máa pé ọdún 2. Ẹ̀pà tó bá ti bu, gbogbo ẹ̀ ni kó o dà nù, má ṣà á jẹ. Má fún un lódidi, kó má há a lọ́fun. Kó sì tó pé ọdún 1, má fi oyin kàn án lẹ́nu.

BabaIbeji_Moniya
Ará Ìbàdàn ni gbogbo yín lóòótọ́? Ta ló máa ń gbàgbé gbẹ̀gìrì! Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tó jinná tó rọ̀ bí ìyẹn, kí ló tún kù? Bu tọmọ sọ́tọ̀ kí ata àti iyọ̀ tó wọ̀ ọ́, àmàlà rírọ̀ díẹ̀, ewédú, ẹja ṣáwá tó o ti yọ egungun ẹ̀ tó o rún mọ́ ọn. Pọ̀nmọ́ tá à ń bá ara wa jà sí yẹn, ẹnu ló dùn mọ́ o, kò lè rọ́pò ẹja fọ́mọ.

Sóyà náà ń bẹ. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Mọ́níyà níbí látọdún 1967, wọ́n wà lára àwọn tó polongo ẹ̀ láàárín 1980 sí 1990 kí sóyà tó wọ inú mọ́ínmọ́ín àti ògì wa. Bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe tiẹ̀, àgbàdo kóńgò 3, sóyà kóńgò 1, ó máa kọ́kọ́ se sóyà yẹn bí ìṣẹ́jú 30, á bó o, á wá kó o mọ́ àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Sóyà tí ò jinná máa ń da ikùn rú. Kì í pẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ̀.

Omo_Beere
Ẹyin sọ ọmọ dolè kẹ̀? Èmi ò jẹ ẹyin títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo ṣì ń jí ẹran nínú ìkòkò ìyá mi. Àìrí jẹ ló sọ mí dolè jàre 😂

IyaAgba_Agodi
Ẹ má fi màmá ṣẹ̀sín. Ìyá ọkọ lèmi náà. Láyé wa adìẹ mélòó ló wà lágbàlá, tọ́mọdé bá jẹ ẹyin, kí ló máa dàgbà di adìẹ? Ó jọ pé ọ̀wọ́n ló bí òfin yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń pè sí àlàyé oúnjẹ ọmọ tí wọ́n ń ṣe ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ìyá ọmọ á gbọ́ ọ tán, á lọ sọ́jà, ọwọ́ àwa tá a wà nílé ni ṣíbí wà. Ìyàwó ọmọ mi mú ìwé bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń ka òfin sí mi létí, inú bí mi, mo ní ta ló tọ́ ọkọ ẹ̀ dàgbà? Ó wá dọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní màmá ẹ bá mi gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo débẹ̀, wọ́n ń se ẹ̀kuru, ó sì le bí òkúta, mo bọ́ gèlè, mo fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn wọ́n. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó ń rán mi létí. Tó o bá fẹ́ fẹ́yin sínú mọ́ínmọ́ín ọmọ, ojú màmá ni kó o ti fi í, má fi pamọ́ fún wọn.

IyaAyo_Oje
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ra edé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ṣàlàyé oúnjẹ ní tiwa. Mo kúnlẹ̀ bẹ màmá lálẹ́ àná, wọn ò dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n bi mí pé irú aṣọ wo làwọn èèyàn ń wọ̀ lọ síbẹ̀.