Ìwé ogun ìgbà èwe mi ń bàjẹ́ lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), owó àkàrà mi ni mo fi ń ra ìwé aláwòrán ogun lọ́jà Wàǹdó: ìwé pélébé èdè Faransé, àwòrán dúdú òun funfun, ogun 1939 sí 1945. Awakọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì kì í kú nínú wọn láé! N kò tíì mọ Faransé kà tí mo ti ń pariwo "Achtung!" ("Ẹ ṣọ́ra!" lédè Jámánì) lé ewúrẹ́ àdúgbò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí 17 nínú wọn lábẹ́ ibùsùn ìyá mi. Bébà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bí mo bá ṣí i, etí rẹ̀ á já sí mi lọ́wọ́. Mo sá wọn sóòrùn, ó tún burú sí i. Mo fi kàfúrà sí i, kòkòrò sá, òórùn rẹ̀ ò sì jẹ́ kí n lè kà á. Àbúrò mi ní kí n dì wọ́n sínú ọ̀rá, àmọ́ ọ̀rinrin ọ̀sà ń bà mí lẹ́rù. (Ìyá alákàrà ti bèèrè wọn. Ká má rí i!)

Ṣé inú ọ̀rá ni kí n dì wọ́n sí, àbí inú páálí tí atẹ́gùn ń wọ̀? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.